Ta Ló Kú ní Ṣábẹ̀ẹ́?

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú olókè kan ní àárín ilẹ̀ Benin wa, fún ọjọ́ mẹ́rin, ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde ni: "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ní ta ló ń gbéyàwó. Mo ní kò sí ìgbéyàwó. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣé ìwọ àti ọkọ ẹ ò jà?"

Èmi àti ọkọ mi ò jà. Òun gan-an ló fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́fà kún owó ọkọ̀ mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá mi ti ń bọ̀. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, wọn kì í sì í ṣe ẹni tí kò rìn. Òkú ló gbé wọn dé Abẹ́òkúta, ìgbéyàwó ló gbé wọn dé Kétu, ọmọ tuntun ló gbé wọn dé Lómè. Kò sí ìlú kan tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ rí tí kì í ṣe pé ẹnì kan ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Kéèyàn dédé di ẹrù rẹ̀, kó lọ sí ìlú tí kò ní ẹbí, kò ní ọjà tó fẹ́ rà, kò ní àdúrà tó fẹ́ gbà: lójú wọn, ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan ń ṣe é.

Nǹkan ń ṣe mí lóòótọ́.

Agbẹ̀bí ni mí. Ó di ọdún kẹtàdínlógún báyìí tí mo ti ń gbẹ̀bí ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Tàtá, bí ẹni ní àǹtí, ni àwọn aláboyún ń pè mí, Tàtá ni àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ń pè mí, Tàtá ni ọdẹ ẹnu ọ̀nà ń pè mí. Bí mo bá sì délé, orúkọ mi yí padà di Màmá. Nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, àwa mẹ́ta là ń ṣe iṣẹ́ ẹni márùn-ún, nítorí ọ̀kan nínú wa ti lọ bímọ, ọ̀kan ti ríṣẹ́ síbòmíì, wọn ò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn. Lọ́sẹ̀ kan, mo jókòó ṣírò wákàtí tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́. Ó jẹ́ 66.

Òru ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ìyá àti ọmọ ti sùn, mo jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé ńlá tí a fi ń kọ ìbímọ sílẹ̀. Ọmọ obìnrin, kílò 3 àti gíráàmù 100, aago méjì òru kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mo kọ ọ́ tán, mo fẹ́ pa ìwé dé, ni mo rí i pé orúkọ ara mi ni mo kọ síbi tó yẹ kí n kọ orúkọ ìyá ọmọ. Orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi, ó gún régé, kò sí àṣìkọ kankan níbẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi kọ ọ́. Mo fa ìlà sí i, mo kọ orúkọ tó tọ́ sókè rẹ̀, kò sí ohun tó bà jẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè dìde lórí àga. Mò ń rò ó pé ká ní oògùn ni mò ń fà sínú abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn ńkọ́?

Èdè wa ti mọ ohun tó ń ṣe mí tipẹ́. Bí a bá ní "ó rẹ̀ mí", oorun ni oògùn rẹ̀. Sùn, jí, ó ti lọ. Bí a bá ní "ó sú mi", ohun kan ló wà níwájú wa tí a ò fẹ́ rí mọ́. Ẹni tí iyán sú lè jẹ ẹ̀kọ. "Agara dá mi" ṣe ọ̀tọ̀. Ẹni tí agara dá kò fẹ́ iyán, kò fẹ́ ẹ̀kọ. Á sùn, á jí, á bá agara náà lẹ́bàá ibùsùn níbi tó fi í sí. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) kọ irú rẹ̀ sínú ICD-11, ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ káàkiri ayé. Wọn ò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tí a ò bójú tó ló ń bí i, wọ́n sì sọ àmì mẹ́ta tí a fi ń mọ̀ ọ́n: agbára á tán lára èèyàn, ọkàn rẹ̀ á jìnnà sí iṣẹ́ tàbí kó máa bínú sí i, iṣẹ́ tó ń ṣe ò sì ní já mọ́ nǹkan lójú ara rẹ̀ mọ́. Àmì kejì yẹn ló dùn mí jù. Èmi tí mo máa ń kọrin sétí ọmọ tuntun kí n tó gbé e fún ìyá rẹ̀, mo ti ń gbé wọn bí ẹni ń gbé àpò gàrí.

Ní ti wákàtí, ẹ má fi ṣeré. WHO àti Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé (ILO) gbé ìwádìí jáde ní 2021 pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 jù ú lọ. Mo ti ka èyí tipẹ́. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíì níbi ìpàdé. Mi ò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 66 tèmi rí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí n máa ta aṣọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì ń wá ni bí màá ṣe tún fẹ́ràn rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo tọrọ díẹ̀ nínú ìsinmi tí òfin fún mi. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe, ìyẹn ọjọ́ 24 lọ́dún. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka èyí, níbo ni 24 tiyín ń gbà lọ? Tèmi, ìsìnkú ń mú níbẹ̀, ìdánwò ọmọ ń mú níbẹ̀, àìsàn ìyá ọkọ ń mú níbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, gbogbo ilé á jọ lọ sí etí òkun ní Grand-Popo, èmi ni màá dáná tí a máa gbé lọ, èmi ni màá máa ka orí àwọn ọmọ nínú omi, èmi ni màá fọ iyanrìn kúrò lára aṣọ. Mi ò ráhùn; ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká pè é ní ìsinmi.

Wọ́n á ní ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Òtítọ́ ni, mo sì gbà á fún òde ìnáwó, fún ọ̀nà oko tó dá, fún ilé òkú. Àmọ́ bàbá mi, tó jẹ́ àgbẹ̀ ọ̀pẹ lẹ́bàá Ìfànyìn, ní ahéré kan nínú oko. Nígbà mìíràn wọ́n á gbé àdá àti gàrí, wọ́n á lọ, wọ́n lè lo ìtàdógún kí wọ́n tó wálé. A máa ń rò ó pé iṣẹ́ oko ló pọ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo rí i pé oko yẹn ò tó ìtàdógún í ro. Bàbá mi ń jókòó sẹ́nu ahéré wọn, wọ́n ń mu tábà, wọ́n ń gbọ́ ẹyẹ. Bí wọ́n bá dé, ohùn wọn máa ń rọ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí pé ta ló kú lóko. Mo bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí ìyá mi ò fi ní ahéré.

Mo gbéra ní ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní, ọyẹ́ mú gan-an. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, mo wọ takisí. Láti Kútọnu, mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sókè. Ṣábẹ̀ẹ́ jìnnà tó nǹkan bí 250 kìlómítà sí Kútọnu. Ní Àlàdá àwọn ọlọ́pẹ̀ òyìnbó sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ wa, a kọjá Bohicon, oorun sì gbé mi. Ìgbà tí mo lajú, a ti dé Ìdáàṣà, ìlú tí wọ́n ń sọ pé ó ní òkè mọ́kànlélógójì, ilẹ̀ tó tẹ́jú bí ẹní láti etí òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu àpáta. Lẹ́yìn Glazoué, mo rí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lókèèrè nínú kurukuru ọyẹ́, ràbàtà, dúdú, ó jókòó lé ìlú lórí bí àgbààgbà tí wọ́n ń ṣèpàdé.

Ilé àlejò tí mo wọ̀ kò ní ju yàrá mẹ́fà lọ. Ìyá àgbàlagbà kan ló ni ín. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n kí mi káàbọ̀ pẹ̀lú Yorùbá Ṣábẹ̀ẹ́ tó yà díẹ̀ sí ti Àjàṣẹ́ tiwa, mo ní láti tẹ́tí kí n tó gbọ́ ọ já. Wọ́n bi mí pé ta ni mo wá kí. Mi ò mọ ohun tí màá sọ. Mo ní: "Ara mi ni mo wá kí, Ìyá." Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ṣe bí ẹni pé orí mi dàrú. Wọ́n ní, "Ara ẹ á jẹ́ ẹ o," wọ́n nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Mo pa fóònù. Ọkọ mi nìkan ló ní nọ́ńbà ìyá onílé, mo sì ti sọ fún un pé bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, kó má pè. Mo sùn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ní aago méjì òru kọjá, ara mi fò sókè fúnra rẹ̀, mo ti na ọwọ́ wá bàtà kí n tó rántí ibi tí mo wà. Mo tẹ́tí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rọbí. Ajá kan gbó lọ́nà jíjìn, ó sì dákẹ́. Mo tún sùn títí oòrùn fi wọlé.

Ọjọ́ kejì ló le jù, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo rò pé bí mo bá ti dé ibi tó pa rọ́rọ́, ọkàn mi á pa rọ́rọ́ bákan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ń wáṣẹ́. Mo tẹ́ ibùsùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo ìyá onílé, wọ́n sì wá rọra gba kàn-ìn-kàn-ìn lọ́wọ́ mi láìsọ̀rọ̀, bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Mo padà sí yàrá, mo sunkún. Mi ò lè sọ ohun tí mò ń sunkún lé lórí. Mo rò pé gbogbo ohun tí mi ò ráyè sunkún lé lórí láti ọdún mẹ́ta ló tò sẹ́yìn ara wọn: ọmọ tí a ò rí gbà là nígbà òjò, ìyá kan tó di ọwọ́ mi mú tí mo ní kó jù ú sílẹ̀ nítorí ẹlòmíì ń pè.

Lọ́sàn-án, mo rìn dé ibùdó rélùwéè. Ojú irin tó ti Kútọnu lọ sí Parakú gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń kó èrò kì í wá mọ́. Mo jókòó níbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbi tí ọkọ̀ kì í dé, kò sí ohun tó lè pẹ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń rìn lórí irin, wọ́n na apá méjèèjì bí ẹyẹ kí wọ́n má bàa ṣubú. Mi ò ka orí wọn.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gún iyán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iyán yìí, nítorí àwa ará etí ọ̀sà, àkàsà ni tiwa, a ò mọ nǹkan kan nípa iṣu. Obìnrin mẹ́ta dúró ti odó kan ṣoṣo, ọmọ odó mẹ́ta lọ́wọ́ wọn. Èkíní sọ tirẹ̀ kalẹ̀, èkejì ti wà lókè, ẹ̀kẹta ń bọ̀, wọn ò wo ara wọn, ọmọ odó ò sì kan ọmọ odó rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ gbẹ. Bí iṣu ṣe ń fà, ohùn náà ń jinlẹ̀, títí ó fi di pé o ò ní gbọ́ igi mọ́, àfi ohun rírọ̀ tó ń gba ohun rírọ̀. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn máa ń dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á nu ojú, á mí kanlẹ̀, àwọn méjì tó kù á máa bá a lọ, lẹ́yìn náà á tún wọlé síbi tirẹ̀ láìda orin náà rú. Mo wò ó títí. Ní ilé iṣẹ́ wa, ẹni tó bá dáwọ́ dúró báyẹn, odó á dojú dé ni. Mo jẹ iyán náà pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti wàrà Fúlàní tí wọ́n ń pè ní wagasi, tí ewé ọkà bàbà ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di pupa, mo sì bu òmíràn kún un. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mi ò ti béèrè oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gun òkè. Ìyá onílé ní a kì í dá gùn ún, ibẹ̀ ní àwọn tó ni ín, wọ́n ní kí ọmọ ọmọ wọn mú mi lọ. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó ń rìn níwájú, kò sì fọ̀rọ̀ yọ mí lẹ́nu. Nísàlẹ̀ àpáta, níbi tó tẹ́jú, àwọn obìnrin ti sá èlùbọ́ sí i, funfun lórí dúdú. Ìdajì ọ̀nà, mo bọ́ bàtà, mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Alángbá olórí pupa kan dúró, ó tẹ orí fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kọjá.

Nígbà ogun Dàhọ̀mì, ní ọ̀rúndún 19, òkè yìí làwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ń sá sí. Ọmọkùnrin yẹn fi àwọn ihò abẹ́ àpáta hàn mí. Mo ronú nípa agbẹ̀bí tó wà láàárín wọn, nítorí ó dájú pé ọ̀kan á wà; ogun kì í dá ọmọ dúró. Òkúta wo ló gbé aboyún tì? Níbo ló ti rí omi? Mi ò fi agara tèmi wé ìpọ́njú tiwọn láé. Mo kàn jókòó síbi tó ṣeé ṣe kó jókòó, mo kí i.

Lókè pátápátá, mo fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti tutù, ṣùgbọ́n àpáta náà ṣì di oòrùn ọ̀sán mú sínú, ó ń fi í sí mi lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, láti èjìká dé ìbàdí, bíi ti omi gbígbóná tí a fi ń wẹ̀ fún abiyamọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń wẹ̀ fún ẹlòmíì. Mo di ojú. Ìlú wà nísàlẹ̀, páànù rẹ̀ pupa, èéfín oúnjẹ ń gòkè, mo sì ń gbọ́ tí àwọn ìyá ń pe orúkọ ọmọ wọn wọlé. Kò sí èmi nínú wọn.

Ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mi ò béèrè orúkọ yín." Mo la ẹnu, "Tàtá" ló sì fẹ́ jáde. Mo dá a padà. Mo sọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí fún un, gbogbo rẹ̀, èyí tí mo kọ sínú ìwé ìbímọ lóru ọjọ́ yẹn. Ó tún un pè kó lè mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó dùn létí mi.

Gbogbo owó tí mo ná, ọkọ̀, yàrá, oúnjẹ, àti ohun tí mo fún ọmọkùnrin náà, kò pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta sẹ́fà. Mo mọ̀ pé owó ni. Ó tún kéré sí owó aṣọ ẹbí tí mo rà fún òde kan ṣoṣo lọ́dún tó kọjá.

Mi ò ní purọ́ fún yín, kò tọ́jọ́. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ìsinmi ti rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìtura rẹ̀ máa ń tán lára èèyàn, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí lára mi: ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo tún pariwo mọ́ nọ́ọ̀sì kan tí kò ṣẹ̀ mí. Wọn ò tíì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò àwọn méjì tó lọ. Ìsinmi ò lè ṣe iṣẹ́ ìyẹn, kò sì yẹ ká fi bo àṣìṣe ilé iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá lórí rẹ̀, màá sì tún kọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń fi fóònù sílé, mo máa ń lọ jókòó fún ìdajì ọjọ́ ní Jardin des Plantes et de la Nature níbí ní Àjàṣẹ́, igbó ọba nígbà kan, kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di ọgbà. Mo ti ní igi kan tí mo máa ń fẹ̀yìn tì. Mo sì ti tún ń kọrin fún àwọn ọmọ.

Ìyá mi bínú sí mi fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí mo dé. Wọ́n gba wagasi tí mo rà bọ̀, wọ́n dín in, wọ́n jẹ ẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mò ń bá wọn di irun, orí wọn wà láàárín orúnkún mi, wọ́n sì dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní:

"Ìyá tó ni ilé yẹn, ṣé ó máa ń gba àgbàlagbà?"

Mo ní ó máa ń gbà wọ́n. Mo ní màá bá wọn tọrọ àyè, a ó jọ lọ.

"Ta ló ní ká jọ lọ?" Wọ́n fọwọ́ kan irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, bóyá ó ti le jù. "Ìwọ sáà fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀."